Bí A Ṣe Ń Yan Fílítà fún Táńkì Ẹja Ńlá Inú Ilé

Omi inú táńkì lè mọ́ gaara kó sì máa pa ẹja. Ammonia tó ń pa wọ́n kò ṣeé fojú rí. Ibi tí ẹja fi ń mí ló ti ń tú jáde, ó ń jáde lára ìgbẹ́ wọn, ó sì ń jáde lára oúnjẹ tó ṣẹ́kù tó ń jẹrà láàárín òkúta. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ má kàn rí fílítà bí ohun tí ń kó ìdọ̀tí. Ilé àwọn bakitéríà ni. Àwọn kan nínú wọn ń sọ ammonia di nitrite, àwọn mìíràn ń sọ nitrite di nitrate. Májèlé ni ammonia àti nitrite. Nitrate ni ẹja lè fara dà díẹ̀, pípààrọ̀ omi ló sì ń dín in kù. Àwọn bakitéríà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ léfòó nínú omi. Ara nǹkan ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́, wọn kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí ọ́síjìn.

Nítorí náà, fílítà tó dára ni èyí tó fún bakitéríà ní ibi gbígbé tó pọ̀, tó ń gbé omi tó ní ọ́síjìn kọjá lára wọn láìdáwọ́ dúró, tí ẹ ó sì lè máa fọ̀ láìsú yín. Táńkì tó bá ti tó 300 lítà sókè là ń pè ní ńlá níhìn-ín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ iye omi gan-an

Ẹ má gba iye lítà tí ẹni tó ta táńkì fún yín sọ. Ẹ wọn inú táńkì, kì í ṣe ìta rẹ̀, kí ẹ sì wọn ibi tí omi máa dé, kì í ṣe ibi tí gíláàsì pin sí. Gígùn, fífẹ̀ àti gíga omi ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, kí ẹ fi 1,000 pín ohun tó bá jáde.

Táńkì tó gùn ní 150, tó fẹ̀ ní 60, tó sì ga ní 60, tí omi rẹ̀ dúró sí 55: 150 × 60 × 55 jẹ́ 495,000. Tí ẹ bá fi 1,000 pín in, ó di 495 lítà. Iyanrìn, òkúta àti igi á gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó kù nǹkan bí 450 lítà. Nọ́ńbà yìí ni a óò máa lò títí dé òpin.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo ẹja tí ẹ fẹ́ sìn, bó ṣe máa tóbi tó bó bá dàgbà

Iye ìgbà tí gbogbo omi táńkì gbọ́dọ̀ gba inú fílítà kọjá ní wákàtí kan ni a fi ń ṣírò. Fún àwọn ẹja kéékèèké bíi tetra pẹ̀lú ewéko tó pọ̀, ìgbà 4 tó. Fún àdàlù ẹja tí kò tóbi jù, ìgbà 5 sí 6. Fún oscar, goldfish àti àwọn cichlid tó wá láti àwọn adágún ńlá Áfíríkà (bíi Malawi àti Tanganyika), ìgbà 8 sí 10.

Oscar máa ń tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Tó bá ń jẹun, yóò rún oúnjẹ náà, èérún rẹ̀ á sì máa tú jáde níbi tó fi ń mí, káàkiri táńkì. Ìdọ̀tí ẹja méjì bẹ́ẹ̀ lè ju ti ọgọ́rùn-ún tetra lọ. Ti cichlid Áfíríkà tún ní ìdí mìíràn: omi wọn máa ń wà ní pH 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (pH ni òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí: bó bá ń gòkè, kíkan rẹ̀ ń dín kù), bí pH bá sì ti ń gòkè ni ammonia ń le sí i. Láti pH 7 sí pH 8, apá tó jẹ́ májèlé gan-an nínú ammonia kan náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ohun tí fílítà kékeré lè fara mọ́ nínú omi mìíràn, á pa ẹja níbẹ̀.

Discus àti angelfish kò fẹ́ omi tó ń gbá wọn kiri. Fún irú wọn, ẹ má fi agbára pọ́ǹpù yanjú ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí ohun èlò inú fílítà, ìyẹn fóòmù àti òrùka amọ̀ tí bakitéríà ń gbé, pọ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ má gba nọ́ńbà ara páálí gbọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Iye lítà ní wákàtí tí wọ́n kọ sára páálí, ìgbà tí fílítà ṣófo, tí kò gbé omi gòkè rárá, ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá ti kó fóòmù àti òrùka amọ̀ sínú rẹ̀, tí omi sì ní láti gba inú róbà gòkè padà sínú táńkì, ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún á ti lọ. Tí fóòmù bá tún dọ̀tí, á dín kù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: 450 lítà lọ́nà 5 jẹ́ 2,250 lítà ní wákàtí kan. Ohun tí a nílò nínú táńkì nìyẹn. Tí a bá gbà pé ìdá 60 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló máa kù, ẹ fi 0.6 pín 2,250, á fún yín ní 3,750. Iye tí ẹ ó wá lára páálí nìyẹn. Fún oscar tó nílò ìgbà 8, 3,600 lítà ni ẹ nílò, 6,000 sì ni ẹ ó wá lára páálí. Ẹ ó ti rí i pé fílítà kan ṣoṣo kò ní sábà tó o.

Tí fílítà bá ti wà nílé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ gbé garawa tí ẹ ti sàmì sí ní 10 lítà sábẹ́ ẹnu tí omi ń gbà padà, ní ibi gíga kan náà tí ẹnu náà máa ń wà, nítorí tí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, omi á máa yára ju bó ṣe yẹ lọ, àyẹ̀wò náà á sì di asán. Ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá títí omi á fi kan àmì. Ẹ fi iye yẹn pín 36,000. Tó bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 16, 2,250 lítà ní wákàtí kan ni. Tó bá gba 28, nǹkan bí 1,286 lítà péré ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí fílítà ṣì wà ní tuntun. Nọ́ńbà yẹn ló máa sọ ọjọ́ tó yẹ kí ẹ fọ̀ ọ́.

Tí fílítà méjì bá ń gbé iye omi kan náà, èyí tí apẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀ tóbi jù ni kí ẹ mú. Omi tó ń yára kọjá nínú fílítà tí kò gba ohun èlò kò ṣe bakitéríà láǹfààní kankan.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan irú rẹ̀

Fílítà tí wọ́n ń gbé kọ́ sẹ́yìn gíláàsì dára fún táńkì tí kò tó 200 lítà. Nínú táńkì ńlá, olùrànlọ́wọ́ ni. Èyí tí wọ́n ń rì sínú omi ń gba ààyè ẹja, kò sì gba ohun èlò púpọ̀. Èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ òkúta, a ò gbà yín nímọ̀ràn láti lò ó nínú táńkì ńlá: ìdọ̀tí á máa pọ̀ sí i lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ láìtú gbogbo táńkì.

Fílítà fóòmù tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń gbé omi gba inú rẹ̀ yẹ ní táńkì ńlá gbogbo, kì í ṣe bí ọ̀gá iṣẹ́ ṣùgbọ́n bí àpamọ́. Kò ní ohun púpọ̀ tó lè bàjẹ́. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ alábátìrì sì lè máa gbé e ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, méjì ló kù tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́: kánísítà àti sump.

Kánísítà ni garawa onídèérí pinpin tó máa ń wà lábẹ́ táńkì, tí róbà kan ń gbé omi wá sínú rẹ̀, tí òmíràn sì ń gbé e padà. Kò gba ààyè, kì í pariwo, kò sì ní kí ẹ lu gíláàsì. Ẹ wo ìwé rẹ̀ fún gíga tó lè gbé omi dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ kí ibi tí fílítà jókòó sí ju nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ lọ sísàlẹ̀ ojú omi táńkì.

Ẹ ra méjì dípò ọ̀kan ńlá. Fún 450 lítà wa, kánísítà méjì tí páálí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ pé 1,900 lítà sàn ju ọ̀kan tó sọ pé 3,800 lọ. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́ lóru, èkejì á gbé ẹja dé òwúrọ̀. Tí ẹ bá fọ ọ̀kan lónìí, bakitéríà inú èkejì kò mọ̀. Tí ẹ bá gbé wọn sí igun méjì, kò ní sí ibi tí omi ti sùn.

Ewu kánísítà wà nínú pípadé tí wọ́n pa á dé. Tí iná bá lọ, omi inú rẹ̀ kò lọ, kò bọ̀. Àwọn bakitéríà á lo ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ tán, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tó bá ti pé wákàtí mélòó kan, ẹ má jẹ́ kí ó kàn tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ ti fáàfù méjèèjì, ẹ ṣí i, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ẹ da gbogbo omi inú rẹ̀ nù, ẹ fi omi táńkì ṣan ohun èlò inú rẹ̀, kí ẹ tó tàn án. Omi yẹn, tó bá wọ inú táńkì, ó lè pa ẹja láàárín àsìkò díẹ̀. Tí ó bá ṣeé ṣe, ẹ máa ṣí ìdérí rẹ̀ ní kété tí ẹ bá ti mọ̀ pé iná kò ní tètè dé, kí afẹ́fẹ́ lè kan ohun èlò inú rẹ̀ nínú ọ̀rinrin.

Sump ni táńkì kejì tó máa ń wà lábẹ́ ti òkè. Omi á ṣàn sínú rẹ̀ láti òkè gba páìpù, á gba inú fóòmù àti ohun èlò kọjá, pọ́ǹpù á sì dá a padà sókè. Ó gba ohun èlò ju kánísítà èyíkéyìí lọ, ó ṣí sí afẹ́fẹ́, ó ń fi omi kún omi, ojú omi táńkì òkè kì í sì í lọ sílẹ̀ bí omi bá ń fà. Ẹ lè fi ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná pamọ́ sínú rẹ̀. Fún ẹja tó ń dọ̀tí púpọ̀, a kò rí èyí tó dára tó o. Ṣùgbọ́n òun náà ló lè da omi sí gbogbo ilẹ̀ ilé bí ẹ kò bá ṣírò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Tí iná bá lọ, omi òkè á máa ṣàn sílẹ̀ títí á fi bọ́ sísàlẹ̀ etí páìpù. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 3 ni: 150 × 60 × 3 jẹ́ 27 lítà, láìka omi inú páìpù. Sump tó gùn ní 90, tó fẹ̀ ní 40, tó ga ní 40, tí omi rẹ̀ wà ní 25 nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ṣì ní ààyè 54 lítà. Ó gbà á dáadáa. Tí ẹ bá bu omi kún un dé 35, 18 lítà péré ni ààyè tó kù. Mẹ́sàn-án nínú 27 á wà nílẹ̀.

Ẹ tún wo ẹnu páìpù tí ń dá omi padà sókè. Tó bá rì ní 20 sẹ̀ǹtímítà sínú omi, bí pọ́ǹpù bá dúró, páìpù náà á yí padà, á máa fa omi sísàlẹ̀ títí ojú omi á fi dé ẹnu rẹ̀. 150 × 60 × 20: 180 lítà. Kò sí sump tí a ti dárúkọ yìí tó lè gbà á. Ẹ jẹ́ kí ẹnu páìpù wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 sísàlẹ̀ ojú omi, tàbí kí ẹ lu ihò mílímítà 5 tàbí 6 sí i lára, díẹ̀ sísàlẹ̀ ojú omi, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé kó sì já fífà náà. Ẹ máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ro ihò yìí lóṣooṣù, nítorí èéhù máa ń dí i. Fáàfù tí ń dá omi dúró kò tó gbẹ́kẹ̀ lé nìkan. Èérún òkúta kan ṣoṣo tó há sí i lẹ́nu ti tó láti ṣí i sílẹ̀.

Òdì kejì rẹ̀ tún wà. Tí páìpù tí omi ń gbà sílẹ̀ bá dí, pọ́ǹpù á ṣì máa gbé omi sókè. Nítorí náà, ẹ lu ihò méjì: ọ̀kan fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, tó ní fáàfù tí ẹ fi ń tò ó kó má pariwo, èkejì ga díẹ̀ sí i, kò ní fáàfù, ó sì máa ń ṣófo títí di ọjọ́ tí wàhálà bá dé. Pẹ̀lú ìyẹn, ẹ jẹ́ kí omi inú yàrá pọ́ǹpù, ìyẹn apá ibi tí pọ́ǹpù wà nínú sump, kéré sí ààyè tó kù nínú táńkì òkè. Lókè tiwa, sẹ̀ǹtímítà 5 ló ṣófo, ìyẹn 45 lítà. Tí yàrá pọ́ǹpù bá ní 30 lítà, pọ́ǹpù á fa á tán kí òkè tó kún.

Ẹ má lu gíláàsì tempered, èyí tí wọ́n fi ooru mú le. Yóò fọ́ yángá ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe táńkì náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìlu. Àpótí tí wọ́n ń gbé kọ́ etí táńkì dípò lílu ihò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fífà omi ló gbé e dúró. Afẹ́fẹ́ lè kó sí i kí fífà náà já. Ẹni tó bá ní láti lò ó, kó rí i dájú pé ìṣirò yàrá pọ́ǹpù pé.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: tí táńkì bá ti ní omi àti ẹja, tí kò sì ju 600 lítà lọ, kánísítà méjì pẹ̀lú fílítà fóòmù kan. Tí táńkì kò bá tíì gba omi, tó ṣeé lu ihò sí, tó ju 600 lítà lọ tàbí tí ẹja rẹ̀ jẹ́ irú oscar, ẹ ṣe sump.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ to ohun èlò bó ṣe yẹ

Fóòmù oníhò ńlá ni omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pàdé, lẹ́yìn náà fóòmù oníhò kéékèèké, lẹ́yìn náà òwú fílítà, kó tó kan òrùka amọ̀ tàbí òkúta oníhò tí bakitéríà ń gbé. Nínú ọ̀pọ̀ kánísítà, láti ìsàlẹ̀ ni omi ti ń gòkè, torí náà ìsàlẹ̀ ni fóòmù ńlá máa wà. Ẹ ka ìwé tó bá a wá, torí àwọn kan kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá to ó sódì, ìdọ̀tí á kó sí ihò òrùka amọ̀, omi kò ní dé ọ̀dọ̀ bakitéríà mọ́, owó tí ẹ ná sí òrùka á di ti òkúta lásán.

Èédú fílítà kò pọn dandan lójoojúmọ́. Ẹ lò ó tí omi bá ń pọ́n bíi tíì nítorí igi, tàbí tí ẹ bá fẹ́ kó oògùn kúrò lẹ́yìn ìtọ́jú. Ẹ má fi í sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń tọ́jú ẹja, torí yóò fa oògùn náà mu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ yọ ọ́. Iná UV ń mú omi aláwọ̀ ewé mọ́, kì í kó ammonia. Ẹ̀rọ tí ń kó ìhó omi jáde (protein skimmer) jẹ́ ti omi òkun, kò wúlò fún omi tí kò ní iyọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ gbé e kalẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ẹnu tí ń fa omi àti ẹnu tí ń dá a padà jìnnà síra. Ẹ fi fóòmù bo ẹnu tí ń fa omi kí ó má fa ọmọ ẹja. Ẹ gé róbà kó mọ níwọ̀n, kó má ká lọ́rùn. Ibi tó bá ti ká ni omi ti ń dín kù. Ẹ darí ẹnu àbájáde kí ojú omi máa mì, torí ibẹ̀ ni ọ́síjìn ti ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí wáyà iná kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè wọ inú rẹ̀: tí omi bá ń kán tẹ̀lé wáyà, ilẹ̀ ni á kán sí.

Fún sump, ẹ pa pọ́ǹpù nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹja tó wọlé, kí ẹ dúró tì í títí omi á fi dúró. Ẹ wá fi máákà fa ìlà sí ara sump: kí omi má kọjá ibẹ̀ láé nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fún bakitéríà láyè kí wọ́n dàgbà

Fílítà tuntun kò ní bakitéríà. Ẹ fi ammonia tí kò ní òórùn dídùn tàbí ọṣẹ kankan sínú omi títí àyẹ̀wò á fi kà á ní mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, láìsí ẹja. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ méjì méjì. Ammonia á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, nitrite á gòkè, lẹ́yìn náà nitrite á lọ sílẹ̀, nitrate á sì fara hàn. Ó máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ọjọ́ tí mílígíráàmù 2 bá di òdo láàárín wákàtí 24, tí nitrite náà jẹ́ òdo, fílítà ti ṣe tán. Ẹ pààrọ̀ omi púpọ̀ kí nitrate lè wálẹ̀, kí ẹ tó kó ẹja sí i díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá rí fóòmù tó ti dọ̀tí gbà láti inú táńkì tí ara ẹja rẹ̀ le, ẹ kó o sínú fílítà tuntun. Á dín ọjọ́ kù gan-an.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ fọ̀ ọ́ láìpa á

Ẹ bu omi táńkì sínú garawa, kí ẹ fún fóòmù nínú rẹ̀ títí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ á fi jáde. Ẹ fi ọwọ́ kàn án: ó ṣì gbọ́dọ̀ máa yọ̀ díẹ̀. Yíyọ̀ yẹn ni ilé bakitéríà, ẹ má bó o. Omi ẹ̀rọ tó ní chlorine á pa wọ́n. Òrùka amọ̀ kò nílò ju kí ẹ rì í sínú garawa náà kí ẹ gbé e jáde, ẹ kò sì ní láti máa ra tuntun. Òwú nìkan ni ẹ ó máa jù nù.

Tí iye omi ìdánwò garawa bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù sí ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó tó fọ̀. Fún ọ̀pọ̀ kánísítà, ó máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Ẹ fọ ọ̀kan, kí ẹ dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó fọ èkejì. Ẹ fi òróró sílíkónì ra òrùka róbà ìdérí rẹ̀; vaseline lè jẹ róbà náà, kó wú, kó sì máa jò.

Tí omi bá funfun bíi ti ẹ̀kọ tó dà sí i lẹ́yìn fífọ̀, ẹ ti fọ púpọ̀ jù. Ẹ yẹ ammonia wò lójoojúmọ́, ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ sì pààrọ̀ omi bó bá ti ń gòkè. Tí kánísítà bá ń tu afẹ́fẹ́ jáde láìdúró, ojú omi ti lọ sílẹ̀ ju ẹnu tí ń fa á, tàbí ibi tí róbà ti so pọ̀ lọ́nà àbáwọlé ti ń mí. Tó bá ń han gọ̀ọ̀gọ̀ọ̀, ẹ tú abẹ̀bẹ̀ kékeré inú rẹ̀: ìkarahun ìgbín wẹ́wẹ́ tàbí iyanrìn ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ fà á jáde ní tààrà, ẹ má yí i, torí ọ̀pá amọ̀ sísun tó gbé e dúró máa ń ṣẹ́ lọ́wọ́ tó bá ń kánjú. Ẹ ra ọ̀pá àti abẹ̀bẹ̀ kan pamọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ra fílítà náà, nígbà tí wọ́n ṣì ń ta irú rẹ̀.